Ọ̀rọ̀ Wáyà Tí Mo Gé Kúrú

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Torino ni kí n máa nu gíláàsì. Àwọn kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pe tiwọn ní servizi, kó lè dùn-ún gbọ́ létí àna wọn. Èmi ń nu gíláàsì, mo ń fọ ilẹ̀, mo sì ń fọ ilé ìyàgbẹ́ méjì, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan tí kò jìnnà sí San Salvario. Tí tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, bá ṣe bó ṣe máa ń ṣe, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ilé mi. Kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló gbà mí síṣẹ́ o. Cooperativa kan ló gbà mí, òun ló sì rán mi síbẹ̀, bó ṣe lè rán mi lọ sí oko àjàrà ní Asti lọ́la, tàbí sí ilé ìkẹ́rù-sí ní Alessandria. Contratto, ìyẹn ìwé àdéhùn iṣẹ́, ti ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún mi. Orí contratto yẹn ni permesso mi, ìyẹn ìwé ìgbélùú, jókòó lé, orí permesso ni èmi náà jókòó lé. Ẹni tó bá fa ti ìsàlẹ̀ yọ, gbogbo wa la máa balẹ̀.

Kí n sì tètè sọ ọ́: ojo ni mí. Kì í ṣe ojo aláriwo. Ojo jẹ́jẹ́ ni mí, èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Tí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò bá wọ tram, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló fẹ́ rí, àmọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti mú permesso jáde, mo ti mú káàdì ilé ìwòsàn jáde, mo sì ti mú káàdì ìjọ wa náà jáde, èyí tí àwòrán pásítọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí mo bá dé ẹnubodè ọ̀run, contratto ni màá kọ́kọ́ nà sí áńgẹ́lì kó tó béèrè orúkọ mi. Kò parọ́ mọ́ mi.

Ẹ̀rọ wáyà àtijọ́ ló kún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Wáyà tí mo ń wí ni èyí tí àwọn bàbá wa máa ń lọ tẹ̀ ní pósọ́ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ bá ti di kánjúkánjú. Wọ́n gé ègé kan níbẹ̀ lára okùn tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun: ó ki tó ọrùn ọwọ́ mi, bàbà wà nínú, oje igi kan tó dà bíi rọ́bà bò ó, irin sì lọ́ mọ́ ọn lóde. Ọkùnrin tó ń mú àwọn àlejò yí ilé náà ká máa ń sọ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, èmi sì máa ń wà nítòsí pẹ̀lú àkísà mi, nítorí náà mo gbọ́ ọ títí ó fi di ti èmi náà. Ó ní kí wáyà tó dé, tí ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù kan bá rán aṣojú lọ sí ọ̀nà jíjìn, lẹ́tà máa ń pẹ́ lójú omi fún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Aṣojú náà ló máa dá pinnu bóyá ìjà ni àbí àlàáfíà. Kí ilé tó gbọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìgbà tí wọ́n wá tẹ́ okùn sínú òkun, mínísítà jókòó sílé, ó ń tẹ wáyà sí i láràárọ̀: wí báyìí, má wí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọ̀gá ńlá bá di oníṣẹ́ tí wọ́n ń rán. Ó tún ní orílẹ̀-èdè tó bá ni okùn ló ń yọjú wo ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, inú sì ń bí àwọn yòókù, wọ́n ń wá okùn tiwọn. Bí ogun bá bẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn, ọkọ̀ ojú omi kan ti lọ gé okùn ọ̀tá lábẹ́ omi. Èyí yé mi dáadáa. Nínú ẹbí wa, ẹni tó bá ń bínú, gúrúùpù ẹbí orí fóònù ló máa kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀.

Gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bébà kan ló wà nínú rẹ̀, tó ti pọ́n bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀. Wáyà ni, tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan tẹ̀ láti apá ilẹ̀ wa sí ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe olórí wa. Ẹnì kan tó ń kó ìwé àtijọ́ jọ rà á níbì kan, ó sì fi ta ilé náà lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: ọba gbà, wáyà lè kọjá, ó fún wa lẹ́bùn, àwọn ìjòyè sìn wá dé odò. Àkọlé wà lábẹ́ rẹ̀ ní èdè Italy. Àkọlé náà ní ọba ìlú yìí gbà kí òpó wáyà gba ilẹ̀ òun kọjá, ó fi ẹ̀bùn dì í, àmọ́ kò pẹ́ tó fi yẹ àdéhùn, tó ní kí wọ́n hú àwọn òpó náà.

Orúkọ ìlú wa ló wà níbẹ̀. Wọn kò sípẹ́lì rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìlú wa ni.

Èmi ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn kí n tó mọ̀ pé ibì kan wà tó ń jẹ́ Torino. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó sin ajẹ́lẹ̀ náà dé odò. Ó wà nínú oríkì wa: ọmọ a-sin-àlejò-dódò-láì-wẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà yẹn, ọba kì í wo ojú àlejò kó sọ fún un pé òun kò ní ṣe. Àbùkù ni fún àwọn méjèèjì. Bí àlejò bá béèrè ohun tí ìlú kò lè fi sílẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ yó, wọ́n á di iṣu àti ewúrẹ́ fún àwọn tó ń ru ẹrù rẹ̀, àwọn ìjòyè á wọ aṣọ iyì, wọ́n á sì sìn ín dé odò tó jẹ́ ààlà. Bí wọ́n bá dé etí odò, wọ́n á dágbére, wọ́n á yí padà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ọmọ ìlú ló mọ ohun tí wọ́n ṣe: máa lọ o, a ò bá ọ jà, àmọ́ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá mọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbà fún, wọn kì í sìn ín dé odò. Wọ́n á ní kó sùn, kó jí, kí wọ́n jọ jókòó.

Ajẹ́lẹ̀ rí ewúrẹ́, ó rí ìjòyè nínú aṣọ iyì, inú rẹ̀ dùn. Ògbufọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nílé, ó bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀, ó bá panu mọ́. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá dé tí wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀, àwọn ará ìlú ń hú u. Sójà dé. Wọ́n mú ọba lọ sí ìlú onílùú pé ó yẹ àdéhùn, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ọdún méjì ni mo ti ń nu gíláàsì orí ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa ń nu ún ju àwọn yòókù lọ, mo sì máa ń fi agbára díẹ̀ sí i. Gbogbo ìjà tí mo bá wọn jà kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá da omi sí i. Wọ́n wá láti ilé, wọ́n wá kí ọmọ wọn tó bímọ ní Padova. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdí ẹ̀rọ wáyà ni wọ́n wà ní pósọ́ọ́fíìsì ìlú wa fún ogún ọdún ó lé, títí wáyà fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye owó tirẹ̀ nígbà náà, nítorí náà wọ́n kọ́ láti máa ka ọ̀rọ̀ ẹni tó bá dúró níwájú wọn kó tó sọ ọ́ tán. Ó ti mọ́ wọn lára. Títí di òní, tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ìka ọwọ́ òsì wọn á máa lọ sókè sódò lórí àpò wọn. Wọ́n lè jókòó títí ìwàásù á fi parí, kí wọ́n sọ fún ọ bí pásítọ̀ ṣe lè sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ mọ́kànlá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí contratto mi parí nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí mi ní Torino. Mo ti pe referente wa lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn obìnrin tó ń pín wa síṣẹ́ láti ọ́fíìsì cooperativa ní Alessandria. Ó ní òun ń retí ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ dottoressa tó ń darí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, torí òun ló máa sọ bóyá òun ṣì fẹ́ mi. Èmi bá pinnu pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, màá dà bí omi: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì gbọdọ̀ dà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn fẹ́ rí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ibẹ̀ ò já mọ́ nǹkan. Wọ́n ní wọ́n sọ fún àwọn pé ẹ̀rọ wáyà ló wà níbẹ̀. Mo ní wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Ọmọbìnrin mi gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀, ó ní, "Ma no, papà, è aperto," pé ibẹ̀ ṣí. Ọmọ tí mo ń bọ́ nìyẹn.

A lọ ní ọ̀sán ọjọ́ tí mi ò ní iṣẹ́. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ẹ̀rọ náà bí ẹni tó lọ sí ìpàdé àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé. Kí n tó rí wọn, wọ́n ti na ọwọ́ kọjá okùn tó ní kí a má kọjá, wọ́n sì fi ìka kan tẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà kíákíá. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n ní àwọn kàn bi í bóyá ó ti jẹun ni.

Ìgbà yẹn ni wọ́n dé ìdí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n ka Gẹ̀ẹ́sì inú wáyà náà fúnra wọn. Wọ́n rí orúkọ ìlú wa. Wọ́n ní kí n ka èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀, torí mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà sá. Ìka wọn ń lọ lórí àpò.

"Mẹ́tàlá," wọ́n ní. "Ẹni tó tẹ èyí ń ṣọ́wó ìjọba. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi dé odò, ọ̀rọ̀ mẹ́tàlá ló kó o sí." Wọ́n wojú mi. "Ọdún mélòó lo ti wà níbí?"

"Méjì, Àǹtí mi."

"Ọdún méjì lo fi ń nu ojú irọ́ kó lè máa dán."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ contratto fún wọn, àti permesso, àti bí dottoressa ṣe jẹ́ ẹni tí kò yẹ kí n dà láàmú lásìkò yìí. Wọ́n gbọ́ mi parí. Wọ́n tilẹ̀ mi orí. Wọ́n wá bi mí pé níbo ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Mo ní ó rìnrìn àjò. Bí mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, dottoressa jáde pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, ó ní ẹ káàsán sí mi, ó sì béèrè bóyá ìyá mi ni wọ́n. Mo gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Lọ́jọ́ yẹn, ti ẹ̀gbọ́n mi ló gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ èdè Italy rárá, dottoressa kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi nìkan ni mo wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, wọ́n kí i, wọ́n kí ilé rẹ̀, wọ́n kí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn jẹ́ ọmọ àwọn tó sin ajẹ́lẹ̀ dé odò. Wọ́n ṣàlàyé ohun tí sísin àlejò dé odò jẹ́ lọ́dọ̀ wa, àti ìdí tí ọba kì í fi í sọ pé rárá lójú àlejò. Wọ́n sọ̀rọ̀ ògbufọ̀ tó dákẹ́. Wọ́n ní ọba tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kò lè yẹ àdéhùn, wọ́n sì bẹ dottoressa pé kó bá wọn tún àkọlé yẹn kọ, nítorí àwọn ọmọ ọmọ ọba náà ṣì wà láyé. Ohùn wọn kò ga. Gbogbo rẹ̀ dá ṣáká.

Dottoressa yíjú sí mi. Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀.

"Mia sorella dice che il museo è molto bello," ni mo wí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí rẹwà gan-an.

Dottoressa rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ máa lọ. Mo ti di ẹ̀gbọ́n mi lápá mú jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀nà àtẹ̀gùn hàn wọ́n. Wọn ò mira. Ìka wọn ti dúró lórí àpò.

"Ọ̀rọ̀ mélòó lo sọ fún un?"

"Mo kàn kó o jọ ni, Àǹtí mi."

"Èmi sọ ọ̀rọ̀ tó lé ní igba. Ìwọ sọ mẹ́sàn-án. Ajẹ́lẹ̀ gan-an sọ mẹ́tàlá."

Mo tún rọra fà wọ́n sí ọ̀nà àtẹ̀gùn.

"Ṣé o mọ̀ pé ìwọ ni ògbufọ̀ yẹn?" Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún mi pé bọ́tìnnì mi já. "Kò lọ síbì kankan. Ó wà ní Torino, ó ń nu gíláàsì."

Dottoressa ń wo ẹnu wa. Ó béèrè bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo rò ó pé mo ṣì lè ní ẹ̀gbọ́n mi ń wá ilé ìtọ̀ ni, mo sì mọ̀ pé tí mo bá sọ ìyẹn, wọ́n á tún kà á.

Ni mo bá sọ ọ́. Èdè Italy mi, èdè iṣẹ́ ni: mo mọ korobá, mo mọ àkísà, mo mọ àkàbà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ilẹ̀ tutù ẹ rọra. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe ìjòyè. Nítorí náà mo fi ara sọ èyí tí ẹnu kò lè sọ. Mo jókòó bí ọba lórí àga ẹni tó ń ṣọ́ yàrá náà. Mo dìde, mo di ìjòyè, mo sin ajẹ́lẹ̀ dé ìdí fèrèsé, mo dágbére fún fèrèsé, mo sì yí padà, mo rìn kọjá gbogbo yàrá yẹn láì bojú wẹ̀yìn, èmi àgbàlagbà, níwájú ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé mi. Àwọn àlejò méjì kan dúró wò mí. Mo rò pé wọ́n gbà pé ó wà lára ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn san. Níkẹyìn mo nawọ́ sí àkọlé náà, mo ní ọba kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù, kò sọ.

Kọfí dottoressa ti tutù. Ó béèrè bóyá a kọ ìtàn yìí sílẹ̀ níbì kan. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, odindi lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní a kò kọ ọ́, à ń kì í ni. Wọ́n sì kì í, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìdí odò. Mo wo ọwọ́ òsì wọn. Ìka wọn kò lọ.

Dottoressa ní òun nìkan kò lè yí àkọlé padà, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń ṣe ìyẹn, wọ́n sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n òun lè fi ìwé kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ohun tí ìdílé sọ máa wà nínú rẹ̀. Kí n sọ ọ́ fún òun díẹ̀díẹ̀, òun á kọ ọ́. Kí n wá fọwọ́ sí i.

Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí i. Ó ní ó sàn kó jẹ́ ẹni tó ń gbé níbí. Mo bi í bóyá a lè fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tí mo ń sọ, mo sì ní mo ń béèrè bíírò ni.

Mo fọwọ́ sí i. Orúkọ mi dà bí ohun tí ẹ̀rọ wáyà tẹ̀. Bí ó ti burú tó náà, orúkọ mi ni, ó sì ṣeé kà.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù wá dé lẹ́yìn èyí. Dottoressa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ṣokoléètì àti ìwé alàwòrán kan jáde, ó kó wọn sínú báàgì, ó fi fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó bá wa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo rò pé ẹnu ilẹ̀kùn ló máa dúró sí. Kò dúró. Ó bá wa rìn kọjá géètì, ó bá wa sọdá títì, ó sìn wá dé ibi tí tram ti ń dúró gan-an. Ó bọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó yí padà, ó ń lọ. Mo dúró, mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ó ti tán," mo ní. "Ó ti sìn mí dé odò."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òyìnbó ni, pé ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé lásán. Àmọ́ àwọn náà di báàgì ṣokoléètì yẹn mú bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú, wọn ò sì jẹ nínú rẹ̀ títí wọ́n fi padà sí Padova.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wà nínú ìbẹ̀rù yẹn. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń nu gíláàsì, dottoressa ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀, èmi sì ń gbọ́ ìdágbére nínú buongiorno. Ìwé kejì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé. Mo máa ń nu ibẹ̀ láì wojú rẹ̀, bí ẹni tó jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ ìkẹ́rù ní Alessandria bóyá àyè wà. Ìyàwó mi gbàdúrà fún mi, ó sì ní kí n pe referente. Ọmọbìnrin mi ní, "Papà, chiedi e basta," pé kí n kàn béèrè, kó tán. Àwọn ọmọ yìí rò pé ìbéèrè ò lè buni jẹ. Èrò tèmi ni pé ohun tí mi ò bá tíì béèrè, ẹnikẹ́ni ò tíì fi dù mí.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Padova. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní ṣé mo ti béèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó dà bíi pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ara referente bá balẹ̀.

"Contratto mi ńkọ́," wọ́n ní. "Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo kà á fún ọ. Pè é báyìí, kí o tún pè mí."

Mo pe referente. Mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, mo sì fi àforíjìn bí ogún kún un. Ó ní kí n dúró. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa dúrọ́ọ̀. Ó ní, ah, ìyẹn, ó wà níbí, ó ti pẹ́. Dottoressa ti fọwọ́ sí ti ọdún kan mìíràn, ọ́fíìsì sì ti fọwọ́ sí i. Ó ku tèmi. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé náà fún mi. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí ẹ̀gbọ́n mi tó wá sí Torino ni. Ó ní òun gbà pé òun ti sọ fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo bi dottoressa jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tó fi sìn wá dé ìdí tram lọ́jọ́ yẹn. Ó ronú títí kó tó rántí. Ó ní sìgá òun ló tán, pé ilé ìtajà sìgá wà ní kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ó wá bi mí ìdí tí mo fi béèrè. Mo ní mo kàn fẹ́ dúpẹ́ ni.

Mo lọ sí Alessandria ní ọjọ́ ìsinmi mi, mo fọwọ́ sí contratto náà, wọ́n fún mi ní ẹ̀dà tèmi. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ padà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ṣe é sínú àpò àyà, mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

"Ká ní o ti mọ̀ pé ìwé yẹn ti wà nílẹ̀," wọ́n ní, "ṣé ẹ̀rù ò ní bà ọ́? Ṣé wàá ti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ kí n tó dé?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ ń sáré, oko wà lọ́tùn-ún lósì, contratto ọdún kan wà lórí ọkàn mi.

"Rárá, Àǹtí mi," mo ní. "Ká ní mo mọ̀ pé ó ti wà nílẹ̀, ǹ bá dákẹ́ pátápátá, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi."

A ti wọ Asti kí wọ́n tó ní kí n bá àwọn kí ìyàwó mi.